Ọ̀rọ̀ Rere Gẹ́gẹ́ bí Iṣẹ́: Ìtàn Ìyìn, Ìwúre àti Ìtùnú ní Àkúrẹ́ àti Òǹdó

Àgbàlá tó wà ní ààfin Déjì, ọba Àkúrẹ́, lé ní 15. Ùà ni àwọn ará ìlú ń pe irú àgbàlá bẹ́ẹ̀, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ló sì ní ohun tí wọ́n yà á sọ́tọ̀ fún. Ùà Ìkọ́mọ wà fún ìsọmọlórúkọ. Ùà Ùbúra wà fún ìbúra, wọn kì í sì í ṣe ohun mìíràn níbẹ̀. Ọ̀kan tún wà tí ń jẹ́ Ùà Jẹ́mifọhùn. Àwọn tí wọ́n kọ́ ààfin yìí fi amọ̀ àti igi pààlà fún ọ̀rọ̀ ẹnu: ibi tí wọ́n ti ń súre fún ọmọ titun yàtọ̀ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ìbúra wá òpùrọ́ rí. Ìjọba àpapọ̀ ti ka ààfin àtijọ́ náà mọ́ àwọn ohun ìṣẹ̀ǹbáyé tí orílẹ̀-èdè ń dáàbò bò. Ògiri ni wọ́n ń dáàbò bò. Àṣà tó wà lẹ́yìn ògiri náà, èyí tí ó fi ọ̀rọ̀ rere lé àwọn kan lọ́wọ́ bí iṣẹ́, ni ìtàn yìí dá lé.

Àkúrẹ́ àti Òǹdó kò jìnnà síra wọn; nǹkan bíi kìlómítà 50 ló wà láàárín wọn. Ẹ̀ka èdè wọn yàtọ̀, ìtàn ìṣẹ̀dálẹ̀ wọn náà yàtọ̀. Ọdẹ ni Àkúrẹ́ ń tọ́ka sí, Aṣọdẹbóyèdé, tí wọ́n ní ó ti ìran Odùduwà wá. Obìnrin ni Òǹdó ń tọ́ka sí, Púpùpú, ọba wọn àkọ́kọ́. Ṣùgbọ́n bí ọ̀ràn bá kan ìyìn, ìwúre àti ìtùnú, ìlànà kan náà ni ìlú méjèèjì tẹ̀ lé. Ìyàwó ilé ní tirẹ̀ láti sọ, ìjòyè ní tirẹ̀, ẹni tó kàn ń kọjá lọ lójú ọ̀nà náà ní tirẹ̀. Inú ìbáà dùn, inú ìbáà má dùn, ẹni tí ó bá kàn ní láti la ẹnu. Ẹni tí ó bá dákẹ́ jẹ gbèsè, wọn kì í sì í pẹ́ béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ọjọ́ ìsọmọlórúkọ ni ènìyàn ti ń kọ́kọ́ rí iṣẹ́ yìí gbà. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1921, kọ ọ́ pé láyé àtijọ́ ọjọ́ kẹsàn-án ni wọ́n ń sọ ọmọkùnrin lórúkọ, ọjọ́ keje ni ti ọmọbìnrin, ọjọ́ kẹjọ sì ni ti ìbejì. Lónìí, ọjọ́ kẹjọ ti di ti gbogbo ọmọ. Omi, iyọ̀, oyin, obì, orógbó àti ataare ni wọ́n ń gbé kalẹ̀. Bí àgbà ti ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan kan ètè ọmọ ni ó ń wí bí ayé ọmọ náà yóò ti rí, àwọn tó yí i ká a sì máa ṣe àṣẹ. Ọmọ kò gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀. Ìyá ló ń gbọ́. Obìnrin tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ìrọbí, tí ara rẹ̀ kò tíì padà bọ̀ sípò, ló jókòó láàárín ogún ènìyàn tí ń sọ pé ìyà rẹ̀ kò ní já sí asán. Ọ̀pọ̀ ìwé tó kọ nípa ìsọmọlórúkọ a máa to àwọn ohun èlò náà lẹ́sẹẹsẹ, wọn a sì gbàgbé ìyá ọmọ.

Orúkọ fúnra rẹ̀ ń bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn tí àwọn àlejò bá ti túká. Ní Òǹdó, orúkọ tí ó fi Akin bẹ̀rẹ̀ pọ̀ débi pé àlejò lè rò pé ìdílé kan ṣoṣo ló ni ìlú: Akíntán, Akínkúgbé, Akínfọlárìn, Akínsọwọ́n. Ọmọ tí wọ́n ń fi orúkọ akọni pè láti òwúrọ̀ ṣúlẹ̀ ti mọ ohun tí ilé ń retí lọ́dọ̀ rẹ̀ kí ó tó lè dáhùn.

Ìyàwó ilé ló wá ni èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà. Gbogbo ẹni tí wọ́n bí sí agboolé ọkọ ṣáájú kí ó tó wọlé, títí kan ọmọ ọdún mẹ́ta, ọkọ ló jẹ́ fún un, kò sì gbọdọ̀ pe ọ̀kankan wọn lórúkọ. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá orúkọ ìkẹ́ fún wọn. Èyí tí ara rẹ̀ dúdú tó ń dán di Adúmáradán, èyí tí ó rẹwà ní ìdí di Ìbàdíàrán, èyí tó ń lọ sílé ìwé di Akọ̀wé. Ìyàwó mẹ́rin tó bá wà nínú agboolé kan lè fún ọmọ kan ní orúkọ mẹ́rin, kí ọmọ náà sì máa jẹ́ gbogbo rẹ̀. Ohun tí ìyàwó rí lára ọmọ ló fi ń sọ ọ́, nítorí náà ó ní láti wò ó dáadáa. Yàtọ̀ sí èyí, ó gbọ́dọ̀ kọ́ oríkì ìdílé ọkọ lọ́dọ̀ àwọn ìyálé, kí ó lè fi jí wọn láàárọ̀, kí ó lè fi rẹ̀ wọ́n lẹ́kún, kí ó sì lè fi kí wọn bí wọ́n bá ti ìrìn àjò dé. Àjèjì tí wọ́n fẹ́ wọlé ni wọ́n fi ìtàn ilé sí lọ́wọ́. Ọmọ bíbí ilé lè má mọ ju ìlàjì rẹ̀ lọ.

Ìkíni gbé iṣẹ́ náà jáde kúrò nínú ilé. Ẹni tó bá gba ẹ̀bá oko kọjá kò gbọdọ̀ yọ́ lọ; “Àroko bọ́dún dé o” ló yẹ àgbẹ̀. Bí ó bá dé ọ̀dọ̀ aláró, yóò ní “Àrẹ̀dú o”; onídìrí ń gbọ́ “Ojú gbooro o”; ọdẹ ń gbọ́ “Àrìnpa o”. Akọpẹ tí ó wà lókè ọ̀pẹ ń gbọ́ “Igbà á rọ̀ o” láti ìsàlẹ̀. Aboyún ń gbọ́ “Àsọ̀kalẹ̀ àǹfààní o”. Ní Ọjà Ọba, nítòsí ààfin Déjì, ẹni tí kò ní i ra ohunkóhun ṣì jẹ ẹni tó pàtẹ ní “Ẹ kú ọjà o, ajé á wọ igbá”. Nígbà tí kòkó dé, tí ọkọ̀ ẹrù sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé e lọ sí Èkó, àwọn awakọ̀ náà gba tiwọn: “Ọkọ̀ á rèfó o.”

Bí a bá to àwọn ìkíni wọ̀nyí pọ̀, ohun kan hàn nínú wọn. Ewu iṣẹ́ tàbí èrè iṣẹ́ ni ọ̀kọ̀ọ̀kan ń tọ́ka sí: igbà tó lè já, aró tó lè kọ̀ láti dú, ọkọ̀ tó lè dojú dé, oyún tó lè wálẹ̀ ní ìwálẹ̀kuwálẹ̀. Ẹni tí yóò kí ènìyàn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ ohun tí ń dẹ́rù bà á lójú iṣẹ́. Èyí ló mú kí ìkíni Yorùbá ṣòro fún àlejò láti kọ́, tí ó sì mú kí “báwo ni” lásán dà bí ìwọ̀sí lójú àgbà.

Ní Òǹdó, kò sí ibi tí iṣẹ́ ọ̀rọ̀ ìyìn ti pọ̀ tó ti Obitun. Orúkọ yìí ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin tó ti tó lọ ilé ọkọ, òun náà ni wọ́n ń pe ayẹyẹ tí wọ́n ń ṣe fún un àti orin tí wọ́n ń kọ níbẹ̀. Láyé àtijọ́, baba tó bá ní ọmọbìnrin mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí òun yóò ṣe Obitun, owó kékeré kọ́ ló sì ń ná an. Wọn a di irun ọmọ náà, wọn a fi ìlẹ̀kẹ̀ sí i lọ́rùn, lọ́wọ́ àti lórí, wọn a fi aṣọ olówó ńlá bò ó, èyí tí ìdílé kò bá ní wọn a lọ yá a. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ a tẹ̀ lé e káàkiri ìlú pẹ̀lú ìlù, wọn a máa dúró lẹ́nu ọ̀nà àwọn ẹbí, ẹbí kọ̀ọ̀kan a sì máa fún un ní ẹ̀bùn.

Àwọn obìnrin àgbà ló ni orin náà. Wọ́n ń yin ọmọ, wọ́n ń yin ìyá tó tọ́ ọ, wọ́n ń dárúkọ baba ńlá rẹ̀ níwájú gbogbo ayé, wọ́n sì ń fi ìmọ̀ràn nípa ilé ọkọ há àárín ìyìn náà. Ìmọ̀ràn tó bá dá wá, ọmọ ọdún 17 lè kọtí ikún sí i. Èyí tó wá láàárín orúkọ baba rẹ̀ àti ìró ìlù, yóò máa kọ ọ́ lórin títí ọjọ́ alẹ́. Wọn kì í sì í yin ẹni tí kò bá yẹ ní yínyìn. Orin Obitun ní gbólóhùn fún ọmọ tó ń rìn ìrìnkurìn àti fún baba ahun, ìbẹ̀rù ohùn yẹn sì wà lára ohun tó ń mú kí ìyìn ní ìtumọ̀. Ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin Òǹdó ni kò tún sí ọjọ́ mìíràn láyé rẹ̀ tí odindi ìlú dúró wò ó, tí wọ́n sì sọ ohun rere nípa rẹ̀ ní gbangba.

Ìṣọ́ọ̀ṣì àti ilé ìwé ló gba ipò ayẹyẹ náà ní ọgọ́rùn-ún ọdún ogún. Ìgbéyàwó nínú ìjọ dé, owó tó yẹ kí baba fi ṣe Obitun sì bọ́ sí owó ilé ìwé. Ijó àti orin kò kú. Àwọn obìnrin tó ti ṣe é rí, àti àwọn tí kò tilẹ̀ ṣe é, dá ẹgbẹ́ sílẹ̀, wọ́n sì ń jó o níbi ìwúyè, ìgbéyàwó, ìsìnkú arúgbó àti ọdún ìlú. Obitun tó jẹ́ ti ọmọbìnrin kan ní ọjọ́ kan ti di eré fún gbogbo ènìyàn.

Obìnrin tún ló ni ọ̀rọ̀ tó ga jù ní Òǹdó. Ìtàn ìlú náà sọ pé ọ̀kan nínú ìbejì ni Púpùpú, nígbà tí ìbejì jẹ́ èèwọ̀, tí pípa ni wọ́n sì ń pa wọ́n. Ọba tó bí wọn kò gbà kí wọ́n kú, ó ní kí ìyá wọn kó wọn jáde nílùú. Nítorí Púpùpú ni Òǹdó fi ní Lóbùn, ọba obìnrin, títí di òní. Lóbùn ló ń darí ọ̀ràn ọjà àti ọdún Ajé, òun ló sì gbọ́dọ̀ fi Òṣemàwé (ọba Òǹdó) titun jẹ. Àwọn Ìwàrẹ̀fà, ìyẹn àwọn ìjòyè àgbà bíi Lísà, Jọmù àti àwọn ẹgbẹ́ wọn, lè yan ọba, ṣùgbọ́n títí Lóbùn yóò fi ṣe tirẹ̀, oyè kò tíì fìdí múlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni ọkùnrin tó ní àṣẹ jù ní ìlú ń gba àṣẹ náà láti ẹnu obìnrin.

Ti Àkúrẹ́ yàtọ̀ díẹ̀. Bí Déjì bá wàjà (ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ pé ọba kú), ọmọbìnrin rẹ̀ ni wọ́n ń fi ṣe adelé títí ìlú yóò fi rí ọba mìíràn. Yóò wọ aṣọ ọba, wọn yóò sì máa kí i ní Kábíyèsí. Lẹ́yìn tí Ọba Adébíyì Adéṣidà wàjà ní ìparí 2013, ọmọ rẹ̀ Adétutù Adéṣidà-Òjéì wà lórí ìtẹ́ bẹ́ẹ̀ títí di 2015, nígbà tí Ọba Aládélúsì Ògúnlàdé-Aládétóyìnbó gorí oyè. Ọmọ tí baba rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ papò dà ni gbogbo ìlú ń dọ̀bálẹ̀ fún. Àwọn tó ń kọ nípa òfin oyè rí i gẹ́gẹ́ bí ọ̀nà tí àyè ọba kò fi ní í ṣófo. Kò burú bí wọ́n bá tún rí i gẹ́gẹ́ bí ìtùnú tó gùn jù tí ìlú kan lè ṣe fún ọmọ òkú.

Ẹwà àṣà yìí ní ibi tí kò dé. Ẹni tó ní ìdílé ló ní oríkì. Ní ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, ẹrú pọ̀ ní Òǹdó bí ó ti pọ̀ ní ìlú Yorùbá yòókù, àwọn oníwàásù tí wọ́n gbé ibẹ̀ sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé wọ́n ń pa ẹrú níbi ìsìnkú àwọn ènìyàn ńlá. Ẹni tí wọ́n kó lójú ogun wá láti ọ̀nà jíjìn kò ní ìyàwó ilé tí yóò fi oríkì baba rẹ̀ jí i. Ẹni tó bá ń yin ìgbà àtijọ́ kò gbọdọ̀ fo ojú ewé yìí.

Àsìkò náà ni ọ̀rọ̀ mìíràn wọ ìlú. Ìjà abẹ́lé ti tú Òde Òǹdó ká fún ọdún pípẹ́. Glover, alákòóso Èkó, ń wá ọ̀nà ọjà tí kò ní gba ilẹ̀ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú kọjá. Ní 1872 ó rán àwọn ìránṣẹ́ lọ parí ìjà náà, àwọn ará Òǹdó sì padà sí ilé wọn. Ọ̀nà tó ṣí yìí ni Charles Phillips gbà dé ní 1877. Àlùfáà dúdú ni, ọmọ Sàró, ẹgbẹ́ oníwàásù CMS ló sì rán an. Ìwé àkọsílẹ̀ rẹ̀ wà lára ohun tó dára jù tí a fi lè mọ ìgbé ayé Òǹdó ní ìgbà náà. Ó ta ko pípa ènìyàn níbi ìsìnkú, ọdún púpọ̀ ló sì fi bá Òṣemàwé àti àwọn ìjòyè sọ ọ́ kí àṣà náà tó parẹ́.

Iṣẹ́ tó sọ orúkọ rẹ̀ di ohun ìtàn ṣẹlẹ̀ ní 1886. Ogun tí Èkìtìparapọ̀, ìyẹn àwọn Èkìtì àti àwọn alájọṣepọ̀ wọn, gbé dìde sí Ìbàdàn láti 1878 kò tíì parí. Ìbàdàn dó sí ìhà Igbájọ, Èkìtìparapọ̀ dó sí ìhà Ìmẹ̀sí lábẹ́ Ọgẹ́dẹ̀ǹgbé, ìró ìbọn ńlá tí wọ́n fi sọ ibùdó náà ní Kírìjì sì ti di ohun tí àwọn ọmọ ibẹ̀ bá dàgbà. Onílàjà púpọ̀ ti lọ, wọ́n ti bọ̀. Nígbà náà ni Moloney, gómìnà Èkó, yan àlùfáà méjì: Phillips láti Òǹdó lọ sọ́dọ̀ Èkìtìparapọ̀, Samuel Johnson, òǹkọ̀wé ìtàn tí a ti dárúkọ, lọ sọ́dọ̀ Ìbàdàn.

Àǹfààní tí àwọn méjèèjì ní ni pé wọ́n gbọ́ èdè, wọ́n mọ bí wọ́n ti ń kí balógun nínú ibùdó rẹ̀, wọn kò sì ní ilẹ̀ tí wọ́n fẹ́ gbà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Àwọn àgbà ní ohùn rere ní í yọ obì lápò, ohùn búburú ní í yọ ọfà lápó. Ibi tí Phillips dé, ọfà ti kúrò nínú apó láti ọdún mẹ́jọ, ó sì ní láti wá ohùn tí yóò dá a padà láìjẹ́ kí ẹni tó ta á dà bí ẹni tó ṣẹ́gun tàbí ẹni tí wọ́n ṣẹ́gun. Ní ọjọ́ 4 oṣù June 1886, àwọn aṣojú ìhà méjèèjì fọwọ́ sí àdéhùn ní Èkó. Àwọn Èkìtì àti àwọn alájọṣepọ̀ wọn gba òmìnira wọn. Ọ̀tan, Ìrèsì, Àdá àti Igbájọ dúró sí ọ̀dọ̀ Ìbàdàn, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ kúrò níbẹ̀ lè kúrò. Ní oṣù September ọdún kan náà, àwọn aṣojú ìjọba, Higgins àti Smith, lọ sí Kírìjì, Phillips àti Johnson sì wà níbẹ̀ nígbà tí wọ́n tú ibùdó méjèèjì ká.

Kì í ṣe ẹnu dídùn nìkan ló parí ogun náà, àsọdùn ni yóò jẹ́ bí ẹnikẹ́ni bá sọ bẹ́ẹ̀. Ààrẹ Látòósà, olórí Ìbàdàn, ti kú ní 1885, ọ̀nà ọjà ti dí, ó ti rẹ gbogbo ènìyàn. Ọ̀ràn ìjà Ifẹ̀ àti Mọdákẹ́kẹ́ kò sì yanjú rárá. Ṣùgbọ́n àárẹ̀ nìkan kì í parí ogun. Ẹni tó ti rẹ̀ náà nílò ẹni tí yóò fún un ní ọ̀rọ̀ tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ láìtẹ́. Ní 1893, wọ́n fi Phillips jẹ bíṣọ́ọ̀bù, òun àti Isaac Olúwọlé ní ọjọ́ kan náà.

Ẹlòmíràn tó ṣe irú iṣẹ́ yìí ní Òǹdó ni Emmanuel Moses Lijadu, ọmọ Abẹ́òkúta. Oníwàásù ni, síbẹ̀ ó jókòó ti àwọn babaláwo, ó sì tẹ́tí sí wọn. Kí ó tó kọ nípa Ifá ni ó ti tẹ ewì akéwì Ẹ̀gbá kan jáde. Ìwé rẹ̀ lórí Ifá jáde ní 1898, èyí tó kọ lórí Ọ̀rúnmìlà sì tẹ̀ lé e ní 1908. Ó gbà pé ìsìn Kristi ló tọ́, kò fi bò. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ láàárín àwọn oníwàásù ìgbà rẹ̀ ni pé ó bọ̀wọ̀ fún ẹni tó ń bá jiyàn débi pé ó kọ ọ̀rọ̀ onítọ̀hún sílẹ̀ bí ẹni náà ti sọ ọ́.

Ilé ìwé gba díẹ̀ nínú iṣẹ́ náà, ó sì sọ díẹ̀ nù. Canon Moses Craig Adéyẹmí dá Ondo Boys' High School sílẹ̀ ní 1919, nígbà tí ọmọ Òǹdó tó bá fẹ́ ìwé gíga ní láti lọ sí Èkó tàbí Abẹ́òkúta. Ní Àkúrẹ́, ilé ìwé gíga Oyèmẹ́kùn bẹ̀rẹ̀ ní 1953, ti àwọn ọmọbìnrin, Fìwàṣayé, sì tẹ̀ lé e ní 1960. Èkíní gba orúkọ àpọ́nlé ìlú, èkejì gba gbólóhùn ìmọ̀ràn tí ìyá lè sọ fún ọmọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ṣùgbọ́n nínú kíláàsì, pàṣán ló sábà máa ń sọ̀rọ̀. Ọmọ tí wọ́n ń kì nílé ní akọni di “òmùgọ̀” bí ó bá ṣi ìṣirò, ọ̀pọ̀ olùkọ́ kò sì rí ohun tó burú níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n ṣí ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ ní Òǹdó ní 1964, tí ó wá ń jẹ́ orúkọ Adéyẹmí, ọ̀nà mìíràn láti bá ọmọ sọ̀rọ̀ wọ inú ohun tí wọ́n ń kọ́ olùkọ́. Ó pẹ́ kí ó tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ọmọ náà.

Àkúrẹ́ rí òdìkejì ọ̀rọ̀ rere ní 1983. Ìpínlẹ̀ Òǹdó ti wà láti ọjọ́ 3 oṣù February 1976, Àkúrẹ́ sì ni olú ìlú rẹ̀. Nígbà ìdìbò oṣù August 1983, èébú àti ìhàlẹ̀ ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn àwọn ẹgbẹ́ òṣèlú ń tú sí ìgboro lójoojúmọ́. Nígbà tí àjọ ìdìbò kéde pé Akin Ọmọ́bóríowó ló borí Gómìnà Adékúnlé Ajáṣin, ìlú gbaná ní ọjọ́ 16 oṣù náà. Ilé jó, ẹ̀mí sọnù. Ọláìyá Fágbàmígbé wà lára àwọn tó kú. Atẹ̀wéjáde ni ní Àkúrẹ́, ẹni tó fi ọ̀rọ̀ ṣiṣẹ́ ṣe. Ilé ẹjọ́ dá ipò padà fún Ajáṣin lẹ́yìn náà. Ẹ̀mí tó lọ ti lọ.

Láti ìgbà náà, rédíò ló ń gbé ìkíni lọ jìnnà jù. Ilé iṣẹ́ rédíò ìpínlẹ̀ wà ní Àkúrẹ́, ti ìjọba àpapọ̀ tí ń jẹ́ Positive FM náà wà níbẹ̀. Ẹni tó ń ṣe ọjọ́ ìbí, ẹni tó ṣí ilé, ẹni tí ìyá rẹ̀ kú, gbogbo wọn ni ènìyàn ń sanwó kí lórí afẹ́fẹ́. Orin jùjú ti ṣe irú rẹ̀ ṣáájú. King Sunny Adé, ọmọ ìdílé ọba Òǹdó tí wọ́n bí ní Òṣogbo ní 1946, wà lára àwọn tó mú kí ìyìn ẹni tó wá síbi àríyá di apá kan orin fúnra rẹ̀, tí owó sì ń lẹ̀ mọ́ iwájú orí bí wọ́n ti ń dárúkọ. Ìyìn ti di ohun tí wọ́n ń rà. Kì í ṣe pé wọn kò rà á rí. Onílù àti akígbe ààfin gbowó láyé àtijọ́ náà. Ohun tó yí padà ni pé èyí tí wọn kì í gbowó fún, ti ìyàwó ilé, ti ẹni tó ń kọjá lọ, ló ń dín kù.

Ní Òkèlísà l'Óǹdó àti Ìsọ̀lọ̀ l'Ákùúrẹ́, agboolé tí ìyálé ti lè kọ́ ìyàwó ní oríkì ṣì wà. Ní Ìjàpọ̀ àti Alágbàká l'Ákùúrẹ́, níbi tí baba, ìyá àti ọmọ nìkan ti ń gbé lẹ́yìn géètì, kò sí ẹni tí yóò kọ́ni, kò sì sí ẹni tí yóò kọ́ ọ. Èyí tó pọ̀ jù nínú oríkì tó wà nínú ìwé, láti orí iṣẹ́ Adébóyè Babalọlá ní àwọn ọdún 1960, ti ìhà Ọ̀yọ́ ni. Ti Òǹdó àti Àkúrẹ́, ní ẹ̀ka èdè tiwọn, kò tó nǹkan lórí ìwé. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá tó wà ní Adéyẹmí ní Òǹdó kò jìnnà sí àwọn obìnrin tó mọ̀ ọ́n. Fóònù tó lè gba ohùn sílẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, àwọn ìyá náà sì ń dàgbà: kí wọ́n lọ gbà á sílẹ̀.